Bí a Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Kékeré Kó Kẹ̀kẹ́ Méjì àti Fóòmù Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà

Kẹ̀kẹ́ méjì àti fóòmù kan kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Micra tàbí Golf á gbé e.

Kẹ̀kẹ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ tẹ́ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ tú táyà iwájú wọn, ẹ yí hándù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí pẹ́dààlì bá ń háni, ẹ tú u, àmọ́ ti ọwọ́ òsì, òdì ni wọ́n ń yí i. Ẹni tó bá fipá yí i bíi ti ọ̀tún, ńṣe ló tún ń dè é sí i. Ẹ fẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ lélẹ̀ kí ṣéènì ẹ̀ kọjú sókè, ẹ tẹ́ páálí lé e, kẹ́ ẹ wá to èkejì lé e. Bí búùtù ò bá pa dé, ẹ fi rọ́bà túùbù dè é, kí nọ́ńbà ọkọ̀ ṣì hàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á dá yín dúró.

Fóòmù gan-an ni wàhálà, torí orí òrùlé ọkọ̀ ló ń wà. Ẹ ó rí awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, tí kálukú yọ ọwọ́ kan síta láti dì í mú. Ọwọ́ kì í mú un! Atẹ́gùn tó bá gíláàsì iwájú gòkè ló ń wọ abẹ́ ẹ̀, tí tírélà bá tún wá fẹ́ yín kọjá, ó parí. Mo ti rí èyí tó balẹ̀ sáàárín títì kí wọ́n tó dé Òṣú, táwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń tẹ bíréèkì kíkankíkan.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gba okùn inú ọkọ̀ kọjá, ẹ so ó lórí fóòmù, kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gba ojú fèrèsé, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní ṣí mọ́. Ìdè méjì níbùú, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ fi ọparun kan dábùú etí iwájú fóòmù kí okùn má baà gé e, kẹ́ ẹ fa okùn méjì láti orí ẹ̀ wá sísàlẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Irin tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ìkọ́ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Bọ́ńpà kọ́ o. Ike ni, ó ń já. Rọ́bà túùbù ò sì wúlò níbí, torí ó ń nà, bó bá sì ti nà, atẹ́gùn ti ráàyè wọlé. Okùn òwú nípọn ni tèmi. Okùn ọ̀rá ń yọ̀, kókó ẹ̀ ń tú. Bí ọ̀rá bá wà lára fóòmù, ẹ fi téèpù lẹ ẹnu ẹ̀ pa.

Kẹ́ ẹ tó jáde nígboro, ẹ dúró, ẹ ti fóòmù wò. Okùn á ti dẹ̀. Ẹ tún un dè, kẹ́ ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Òṣú. Eré yín ò gbọdọ̀ ju 60 lọ.

Bójú ọjọ́ bá ṣú, ẹ dá a dúró. Omi ń gba ara okùn wọ inú ọkọ̀, fóòmù tó bá mumi yó sì wúwo ju ohun tí òrùlé Micra yẹ kó gbé lọ.