Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Onígbàgbọ́ Bá Ń Fi Ìgbàlà Dáàbò Bo Ọkàn Rẹ̀ Lọ́wọ́ Iyèméjì

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń to ìhámọ́ra onígbàgbọ́ lẹ́sẹẹsẹ nínú Éfésù orí 6, orí ni ó fi ìgbàlà dé, ó sì pè é ní àṣíborí. Inú ìdè ni ó wà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní ẹsẹ 20, àṣíborí àwọn ọmọ ogun Róòmù kò sì ṣàjèjì sí i: idẹ tàbí irin ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ohun tí ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ọrùn. Jagunjagun tí a ṣá lápá ṣì lè sá àsálà, ṣùgbọ́n ẹni tí a ṣá lórí kì í sábà dìde mọ́. Nínú 1 Tẹsalóníkà 5:8, Pọ́ọ̀lù tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà tí ó yéni sí i, ó ní ìrètí ìgbàlà ni àṣíborí wa. Ohun tí ó ń bo iyè onígbàgbọ́ ni ìdánilójú pé Ọlọ́run tí ó bẹ̀rẹ̀ ìgbàlà rẹ̀ nínú Kristi yóò parí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé àṣíborí yìí wà. Ibi tí a ti ń kùnà ni bí a ṣe ń dé e. Mo ti rí àwọn olùfọkànsìn ènìyàn tí wọ́n ń gbàdúrà, tí wọ́n ń gbààwẹ̀, síbẹ̀ tí ọkàn wọn kò balẹ̀ fún ọdún pípẹ́, nítorí pé ohun tí wọ́n ń gbé ara lé kò lè gbà wọ́n dúró.

Má ṣe fi bí ara rẹ ti rí lónìí wọn ìgbàlà rẹ

Èyí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, òun ni ó sì ń bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ènìyàn jí ní òwúrọ̀, ayọ̀ àná ti lọ, àdúrà gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì parí èrò sí i pé Ẹ̀mí Mímọ́ ti fi òun sílẹ̀. Bí ayọ̀ náà bá padà dé ní ìrọ̀lẹ́, a di ẹni ìgbàlà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó ń gbé báyìí kò ní àṣíborí kankan lórí. Ojú ọjọ́ ni ó ń wò.

Ẹ wo John Wesley, tí a mọ̀ sí olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, níbi ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn rẹ̀ móoru, ó sì dá a lójú pé Kristi ti kó ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ni a ti gbọ́ nípa ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun ti délé lóru ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdánwò kọlu òun, àti pé ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1739, kò tí ì pé oṣù mẹ́jọ, ó kọ ọ́ pé òun kì í ṣe Kristẹni, nítorí pé ó yẹ inú ara rẹ̀ wò, kò sì rí ìfẹ́, àlàáfíà àti ayọ̀ tí ó rò pé ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta sí ìgbà náà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní ìta gbangba ní Bristol. Bí ẹni tí ó ní irú ìrírí bẹ́ẹ̀ bá lè pàdánù ìdánilójú rẹ̀ nígbà tí ó ń tú inú ara rẹ̀ wò, kí ni ẹni tí kò ní irú rẹ̀ rò pé òun yóò rí nínú ara tirẹ̀?

Àpọ́sítélì Jòhánù sọ ìdí tí ó fi kọ lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́: kí àwọn tí ó gba orúkọ Ọmọ Ọlọ́run gbọ́ lè mọ̀ pé wọ́n ní ìyè àìnípẹ̀kun. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀, ó sì ti sọ ṣáájú nínú orí 5 kan náà pé ẹ̀rí tí Ọlọ́run jẹ́ nípa Ọmọ rẹ̀ ni ìmọ̀ náà dúró lé. Ní òru tí Ísírẹ́lì jáde kúrò ní Íjíbítì, ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn ni ó wà lára òpó ilẹ̀kùn wọn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sì ni pé nígbà tí òun bá rí ẹ̀jẹ̀ náà, òun yóò ré wọn kọjá. Mo gbà pé àwọn kan nínú ilé wọ̀nyẹn gbọ̀n jìnnìjìnnì títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ibi tí a ti kà pé a bi wọ́n léèrè bí àyà wọn ti rí.

Má ṣe gbìyànjú láti rọ àṣíborí náà fúnra rẹ

Nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ìṣe tí Pọ́ọ̀lù lò fún àṣíborí yàtọ̀ sí èyí tí ó lò fún apata ní ẹsẹ tí ó ṣáájú. A ní kí wọ́n gbé apata, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà fún àṣíborí ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ẹni tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Aísáyà 59:17 sì jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé e: Olúwa fúnra rẹ̀ ni, nígbà tí ó rí i pé kò sí alágbàwí kankan tí ó lè gba àwọn ènìyàn rẹ̀. Àṣíborí Ọlọ́run ni ó wá gbé lé wa lórí.

Èmi pẹ̀lú ṣe àṣìṣe yìí fún ìgbà pípẹ́. Nígbàkúùgbà tí oníwàásù bá ní kí àwọn tí ó fẹ́ gba Jésù jáde wá síwájú, èmi náà á jáde, nítorí pé mo rò pé bóyá n kò fi tọkàntọkàn ṣe é nígbà tí ó kọjá, tàbí pé omi kò dà lójú mi tó. Mo ń ṣe bí ẹni tí ó gbin irúgbìn, tí ó sì ń hú u láràárọ̀ láti wò ó bóyá ó ti ta gbòǹgbò. N kò mọ̀ nígbà náà pé àdúrà mi ni mo gbà gbọ́, àti pé mo ń wá àdúrà tí ó péye tó láti gbà mí là. Nínú Jòhánù 6:37, Jésù sọ pé ẹni tí ó bá wá sọ́dọ̀ òun, òun kì yóò ta á nù bí ó ti wù kí ó rí. Kò sọ bí ó ti yẹ kí ohùn ẹni náà rí nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ pé mo ní ìrònúpìwàdà kò ṣe pàtàkì. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi pamọ́ a máa jẹ ìdánilójú run, gẹ́gẹ́ bí Dáfídì ti jẹ́wọ́ nínú Sáàmù 32 pé nígbà tí òun dákẹ́, egungun òun ń gbó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò àlàyé kankan. Ìjẹ́wọ́ ni ó nílò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí Dáfídì tọrọ nínú Sáàmù 51: ayọ̀ ìgbàlà ni ó ní kí Olúwa mú padà wá fún òun.

Má ṣe ka iyèméjì sí ohun kan náà pẹ̀lú àìgbàgbọ́

Àìgbàgbọ́ ti pinnu, ó ti yí ẹ̀yìn padà. Iyèméjì kò tí ì pinnu. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ fún wa pé iyè ni ó pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ tí Jákọ́bù lò fún oníyèméjì nínú èdè Gíríìkì sì túmọ̀ sí ẹni tí ó ní ọkàn méjì. Ewu wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, Jákọ́bù sì fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ìgbì òkun tí afẹ́fẹ́ ń bì síwá bì sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbàgbọ́ rárá kì í jìyà iyèméjì, nítorí pé kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù láti pàdánù. Bàbá ọmọ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú nínú Máàkù orí 9 ké pé òun gbàgbọ́, kí Olúwa ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́, Jésù sì wo ọmọ rẹ̀ sàn láìdúró de ìgbà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò pé. Nínú Màtíù 28:17, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wólẹ̀ níwájú Olúwa tí ó jíǹde, àwọn mìíràn nínú wọn sì ṣiyèméjì. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni ó rán lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò fi iyèméjì rẹ̀ pamọ́, ohun tí a bá sì fi pamọ́ nínú òkùnkùn a máa dàgbà. Jòhánù Onítẹ̀bọmi kò fi tirẹ̀ pamọ́. Láti inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti ránṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ Jésù bóyá òun ni ẹni tí ń bọ̀, tàbí kí àwọn máa retí ẹlòmíràn. Jésù kò bá a wí. Ó ní kí wọ́n lọ sọ ohun tí wọ́n ti gbọ́ àti ohun tí wọ́n ti rí fún un, pé afọ́jú ń ríran, amúkùn-ún ń rìn, a sì ń wàásù ìhìnrere fún àwọn òtòṣì; lẹ́yìn náà ni ó yin Jòhánù níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Má ṣe sá fún ìbéèrè, má sì ṣe bá gbogbo èrò jà

Ìbéèrè tòótọ́ yẹ fún ìdáhùn tòótọ́. Lúùkù ṣe ìwádìí fínnífínní kí Tìófílù lè mọ òtítọ́ ohun tí a ti kọ́ ọ, Pọ́ọ̀lù sì sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé ó ju 500 àwọn arákùnrin lọ tí ó rí Jésù lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn àjíǹde, àti pé púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè nígbà tí òun ń kọ̀wé. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó gbàgbọ́ ṣáá, kí ó má ṣe béèrè nǹkan kan, ń gba àṣíborí lórí rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n èrò mìíràn wà tí kò wá ìdáhùn. A dá a lóhùn ní àárọ̀, ó padà dé ní ọ̀sán, ó tún dé lóru, ó ní: “Ṣé ó dá ọ lójú?” Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni ẹ̀rù pé ènìyàn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Nínú Máàkù orí 3, àwọn akọ̀wé tí ó rí iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ kedere, tí wọ́n sì sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni, ni Jésù ń kìlọ̀ fún. Ojú wọn kò pọ́n fún ìdáríjì rárá. Ẹni tí ó ń sunkún nítorí pé ó fẹ́ kí Kristi gba òun kò jọ wọ́n. Bí a bá ti dá irú èrò bẹ́ẹ̀ lóhùn lẹ́ẹ̀kan láti inú Ìwé Mímọ́, kí a jẹ́ kí ó kọjá bí ariwo òpópónà, kí a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Bí a bá ń jókòó tì í lójoojúmọ́ láti tún un dá lóhùn, a kàn ń kọ́ ọ láti máa padà wá ni.

Nígbà mìíràn, àìsàn ni ó wà nídìí rẹ̀. William Cowper, akéwì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ayé láti 1731 sí 1800, kọ orin ìsìn tí a ṣì ń kọ, síbẹ̀ láti ọdún 1773 ni ó ti gbà pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀ pátápátá, èrò náà kò sì fi í sílẹ̀ tán títí ó fi kú. Àìsàn ọkàn ni ó ń bá a jà. Àlùfáà John Newton, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbà á sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí oorun bá ti dá lójú ẹni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí èrò kan náà kò jẹ́ kí ó jẹun tàbí ṣiṣẹ́, tàbí tí ikú ń wù ú, kí ó lọ rí dókítà láìjáfara, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un pé àìnígbàgbọ́ ni. Nígbà tí Èlíjà sùn sábẹ́ igi, tí ó ní kí Olúwa gba ẹ̀mí òun, ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì jí i kí ó jẹun, kí Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù.

Má ṣe dá jìyà rẹ̀

Ìtìjú a máa mú kí oníyèméjì kọ́kọ́ pa ìpàdé àdúrà jẹ, lẹ́yìn náà kí ó pa ìsìn jẹ, títí tí ohùn kan ṣoṣo tí ó kù fún un láti máa gbọ́ yóò fi jẹ́ ohùn ọkàn tirẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí pé ìjọ tí ó ń fi ìfura wo ẹni tí ó bá béèrè nǹkan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta kí ó tó lọ. Júdà pàṣẹ pé kí a máa ṣàánú fún àwọn tí ń ṣiyèméjì. Tọ́másì sọ ní gbangba pé bí òun kò bá rí àpá ìṣó, òun kì yóò gbàgbọ́, àwọn mẹ́wàá yòókù tí wọ́n ti rí Olúwa kò sì lé e jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó ṣì wà láàárín wọn nínú ilé kan náà, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, nígbà tí Jésù wọlé tí ó na ọwọ́ rẹ̀ sí i.