Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ẹjọ́ ní Ọ̀nà Langdell

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ òfin ní Yunifásítì Ajayi Crowther, níbí ní Ọ̀yọ́: kí ẹ tó jókòó ní pálọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé, ẹ gbé ìwé àkópọ̀ ìdáhùn yẹn sẹ́nu ọ̀nà. Ẹjọ́ gan-an la fẹ́ kà.

Christopher Columbus Langdell ló la ọ̀nà yìí. Inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí i sí ní New Boston, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní 1826. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kó lè rówó kàwé. Nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard, òun ló ń tọ́jú yàrá ìkàwé wọn. Ó wá ṣe agbẹjọ́rò ní New York títí di 1870, nígbà tí Charles Eliot, ààrẹ Harvard, pè é padà wá ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ òfin náà. Kò fi ipò yẹn sílẹ̀ títí di 1895. Kó tó dé, olùkọ́ á máa sọ, akẹ́kọ̀ọ́ á máa kọ. Òun ní tirẹ̀ wọ kíláàsì, ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Payne v. Cave, ìyẹn ẹjọ́ tí Payne pe Cave. Ọ̀pọ̀ ò wá mọ́. Lójú tèmi, àwọn tó dúró ló jèrè.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi ẹjọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ òfin kankan. Ní Ìlú Ọba, ní 1789, wọ́n ń lu ẹ̀rọ ìpọntí kan ní gbàǹjo. Cave pe 40 pọ́n-ùn. Ó bi ẹni tó ń lu gbàǹjo bóyá yóò fọwọ́ sọ̀yà lórí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà. Ìyẹn ní rárá. Òòlù ò tíì balẹ̀ tí Cave fi ní òun ò rà mọ́. Wọ́n padà tà á ní 30, wọ́n sì pe Cave lẹ́jọ́ lórí ìyókù.

Níbí ni kí ẹ ti dúró pẹ́. Ẹ má ṣí ojú ìwé ìdájọ́. Ẹ kọ ìbéèrè tó wà níwájú adájọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀ fúnra yín. Ẹ rántí ọjà Àkẹ̀sán: bí mo bá dá iye lé iṣu ẹnì kan, tí oníṣu náà kò tíì sọ pé “mú owó wá,” ṣé kò yẹ kí n lè máa lọ? Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kà á. Ilé-ẹjọ́ dá Cave láre: iye tí ẹnì kan pè kò dè é títí ọlọ́jà yóò fi gbà, òòlù tó balẹ̀ ló sì ń fi hàn pé ó gbà. Òfin ọjà títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun kan náà sílẹ̀ ní 1893.

Ẹ yí ìtàn náà padà wò. Ká ní òòlù ti balẹ̀ ńkọ́? Ká ní ẹni tó ń lu gbàǹjo fọwọ́ sọ̀yà lórí ìwọ̀n ńkọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn méjèèjì, kó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé Cooke v. Oxley ti 1790 tì í. Tábà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Ọlọ́jà gbà kí oníbàárà ronú di aago mẹ́rin, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní ìlérí náà ò dè é. Ẹ kọ ohun tó so ẹjọ́ méjèèjì pọ̀ sí ojú ewé kan, kí ẹ mú un wá ní Sátidé.