Bí ẹ ṣe lè mú àwọn ọmọ lọ sí Disneyland Paris láì ra tíkẹ́ẹ̀tì páàkì

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tẹ́ ẹ ní ẹbí ní Faransé, gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lásìkò fákáǹsì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, àǹtí, ṣé ẹ mú wọn dé Disney, èló lẹ san? Mo máa ń sọ fún wọn pé a débẹ̀ o, àárọ̀ títí di alẹ́ la lò níbẹ̀, a ò sì san owó páàkì rárá. Àwọn kan rò pé mò ń parọ́ ni. Irọ́ kọ́. Páàkì eré méjì ló wà níbẹ̀, àwọn ló ní géètì tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí páàkì, adágún omi wà, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí wọ́n kọ́ bí ilé inú àlá wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ́jú wà, àdúgbò ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Disney Village náà wà, gbogbo ìyẹn ò ní géètì owó. April 1992 ni wọ́n ṣí ibẹ̀.

Àwa mẹ́fà ni, èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Paris, àwọn ọmọ mi mẹ́ta, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 3 ti ń san owó páàkì, tó bá ti pé 12 iye àgbà ló máa san, iye ọ̀hún sì máa ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́, àsìkò fákáǹsì ló máa ń wọ́n jù. Yúrò kan tó bíi 656 sẹ́fà, mo ṣírò ẹ̀ fún èèyàn mẹ́fà, mo pa fóònù mi dé. Owó lẹkọ́ọ̀lù ń dúró dè mí ní September.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀ kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má kàn ní "à ń lọ sí Disney" kẹ́ ẹ wá dákẹ́, torí ọmọ á ti rò ó dé inú páàkì lọ́hùn-ún, tó bá wá débẹ̀ tó rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń wọlé tí òun ò wọlé, ẹkún ló máa bọ́ sí, ó sì lè má dákẹ́ títí tẹ́ ẹ fi délé. Èmi pe àwọn tèmi jókòó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní "Màámi, ṣé a ò ní rí Mickey?" Mo ní a máa rí ọgbà iwájú ilé ẹ̀, a máa rí aago ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní wọlé lọ bá a. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní "ṣé bí ìgbà tá a lọ sí ààfin ọba Tọfà tá a kàn rìn yí ìta ká ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ní kò burú. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní RER A lẹ máa wọ̀, ibùdó tó kẹ́yìn lẹ máa sọ̀, Marne-la-Vallée Chessy lorúkọ ẹ̀, láti Châtelet láàárín Paris kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lajú yín dáadáa, torí RER A pín sí méjì lẹ́yìn Vincennes, ọ̀kan ń lọ sí Chessy, ìkejì ń lọ sí Boissy-Saint-Léger. Ti Boissy làwa wọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ láàárọ̀, ó ní òun máa bá wa níbẹ̀ lọ́sàn-án, èmi nìkan ni mo ń kó àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ tí mi ò gbójú sókè wo pátákó, ìgbà tí mo máa rí i pé orúkọ ibùdó tá a dé ò sí nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kọ fún mi, a ti kọjá Vincennes. A bọ́ sílẹ̀, a padà, a wọ òmíràn. Ẹ ka pátákó tó wà lókè ibi tẹ́ ẹ ti ń dúró, tí iná ò bá tàn síwájú Chessy, ẹ jẹ́ kó máa lọ, èyí tó tẹ̀lé e ò ní pẹ́ dé.

Ní 2025 tá a lọ, yúrò 2,50 ni tíkẹ́ẹ̀tì RER fún àgbà, lílọ nìkan, ìyẹn bíi 1.640 sẹ́fà. Orí káàdì Navigo Easy ni wọ́n ti ń fi sí, yúrò 2 ni káàdì fúnra ẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì máa ní tiẹ̀, èèyàn méjì ò lè fi káàdì kan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 4 kì í san. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ sí i pọ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ má bàa tò lálẹ́, kẹ́ ẹ sì fi káàdì sí ibi tọ́wọ́ máa tètè tó o torí ẹ tún máa fi kan ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó jáde ní Chessy.

Oúnjẹ lọ̀rọ̀ owó wà. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ jẹ àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ yọ lórí tíkẹ́ẹ̀tì máa bá ibẹ̀ lọ ni. Èmi jí ní aago márùn-ún, mo lọ ẹ̀wà, mo din àkàrà bí èyí tí wọ́n ń tà láàárọ̀ l'Ájàṣẹ́, mo fi sínú búrẹ́dì gígùn wọn yẹn, mo wé e ní bébà, omi ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú ìgò oníke. Wọ́n máa yẹ báàgì yín wò kẹ́ ẹ tó wọ Village, ẹ má mú ọ̀bẹ dání, ẹ má mú ìgò aláwo. A jẹ àkàrà wa lórí bẹ́ǹṣì létí omi, kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu. Ohun tutù nìkan la rà lọ́sàn-án, lálẹ́ a jẹ ọ̀dùnkún díndín ní McDonald's tó wà nínú Village.

Wàyí o, bẹ́ ẹ ṣe máa rìn ín ni kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá jáde ní ibùdó, géètì páàkì wà nítòsí gan-an, gbogbo èrò ló ń dà síbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Ẹ fi ẹnu géètì ṣe ìgbẹ̀yìn. Ibi tó jìnnà jù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó tó ń gbé èèyàn lọ sáwọn òtẹ́ẹ̀lì, àwa wọ èyí tó ń lọ sí Santa Fe, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wa. Santa Fe àti òtẹ́ẹ̀lì Cheyenne dojú kọra wọn, odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Rio Grande ló là wọ́n láàárín. Wọ́n kọ́ Cheyenne bí ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ilé pákó lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà gbalasa láàárín, àwọn ọmọ mi ń sáré láti igun kan dé ìkejì, wọ́n ń fi ìka yìnbọn síra wọn. Mi ò dá wọn lẹ́kun, ṣebí eré la torí ẹ̀ wá.

Láti ibẹ̀ ẹ máa tẹ̀ lé etí odò yẹn títí dé adágún omi. Ìrìn bíi ogún ìṣẹ́jú ni, tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré ẹ mú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dání. Etí adágún yìí ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, ká sọ tòótọ́. Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà létí ẹ̀. Newport Bay Club funfun ní ilé iná tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi, Sequoia Lodge dà bí ilé inú igbó láàárín àwọn igi gíga, ìkẹta ni Hotel New York tí wọ́n sọ di ti Marvel, ti àwọn akọni inú fíìmù bí Iron Man, ní 2021, àwòrán tó wà lára ògiri inú ibẹ̀ lé ní 300. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yí adágún náà ká pátá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń kó ọmọ ẹ̀ kiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ka mẹ́fà, ìkan yọ lábẹ́ koríko ó di méje, àbíkẹ́yìn mi ní irọ́ ni, mẹ́fà ni, wọ́n tún un kà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ò sì dúró sójú kan. Ó tó ìdajì wákàtí tá a lò nídìí pẹ́pẹ́yẹ nìkan. Pẹ́pẹ́yẹ tó kún ilé wa l'Ájàṣẹ́!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ inú òtẹ́ẹ̀lì, ẹ kí síkíọ́ríìtì dáadáa, bonjour ló máa ṣáájú, ẹ ṣí báàgì fún wọn kí wọ́n wò ó, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ mu kọfí. Àwa mu ṣokoláàtì gbígbóná kan ṣoṣo ní ti Marvel, èèyàn márùn-ún ló pín in mu, àwọn ọmọ sì wo aṣọ irin Iron Man tí wọ́n tò sínú ibẹ̀ títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Tí wọ́n bá ní àwọn tó sùn síbẹ̀ nìkan ló ń wọlé lọ́jọ́ náà, ẹ ní ẹ ṣeun, kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má bá wọn jà lójú ọmọ. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ inú òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó gba yàrá nìkan ló wà fún, ẹ má torí ẹ̀ di aṣọ ìwẹ̀ sínú ẹrù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Disney Village. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibẹ̀ kó tó di pé àwa dé. Ẹ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù LEGO, torí ibẹ̀ ọmọ lè fọwọ́ kan nǹkan láì san owó, wọ́n da bíríkì kéékèèké sórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ máa tò ó. Ọmọ mi ọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan gígùn kan, mo ní kí lèyí, ó ní afárá Àjàṣẹ́ ni, èyí tá à ń gbà kọjá sí Kútọnú. Ọmọ òyìnbó kékeré kan dúró tì í, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ṣa bíríkì aláwọ̀ búlúù ó ń kó o fún un, ni tèmi bá tò ó sábẹ́ afárá, ó ní ọ̀sà nìyẹn. Wọn ò mọ orúkọ ara wọn. Ìgbà tá à ń lọ wọ́n juwọ́ síra wọn.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ń pè ní World of Disney, kẹ́ ẹ tó wọ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pín owó. Èmi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní yúrò 10 lọ́wọ́, mo ní owó ẹ nìyẹn, tó o bá rí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fojú jẹun, mi ò ní fi kún un. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi kún un, torí tẹ́ ẹ bá fi kún ti ìkan, tán. Àkọ́bí mi obìnrin fi wákàtí kan gbáko yan nǹkan, ó mú eléyìí, ó dá a padà, ó mú tọ̀hún, ìgbà tó yá ó ra kọ́kọ́rọ́ ìrántí kan fún ìyá mi àgbà nílé, ó sì dá ṣẹ́ńjì padà fún mi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Tójò bá ń rọ̀, ẹ yí ètò náà padà. Ibùdó kan ṣáájú Chessy ni Val d'Europe, ilé ìtajà ńlá tó ní òrùlé wà níbẹ̀, ẹ lè rìn nínú ẹ̀ di alẹ́ láì tutù, súpámákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ tí omi àti búrẹ́dì ò wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń wo ẹja, SEA LIFE, wà nínú ibẹ̀ náà, owó ni wọ́n ń san wọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jáde ní ibùdó yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì yín ti parí, ẹ máa lo tuntun láti lọ sí Chessy.

Ìrọ̀lẹ́ wá ni kẹ́ ẹ lọ sí ẹnu géètì. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mẹ́jọ alẹ́ ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, wọ́n máa yẹ báàgì yín wò, lẹ́yìn náà ẹ máa bọ́ sínú ọgbà òdòdó tó wà níwájú Disneyland Hotel, òtẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ píǹkì tí aago Mickey wà lórí ẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni géètì tíkẹ́ẹ̀tì wà, ẹ̀yin ò ní débẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́tò tó dáa jù. Láàárọ̀ èrò á ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn ń sáré wọlé, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ àwọn tó ń jáde ló pọ̀, bàbá gbé ọmọ sọ́rùn, ìyá ń wọ́ kẹ̀kẹ́, kò sí ohun tí ọmọ yín máa rí tó máa dùn ún. Àwọn tèmi tò síwájú òdòdó, ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò bíi ogún. Àbíkẹ́yìn mi gbójú sókè sí aago yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó ní "ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá Mickey." Òyìnbó tó ń kọjá dúró wò ó.

Láti ọgbà yẹn dé ibùdó kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń bọ̀ nílé, kò sí ọ̀rọ̀ pátákó mọ́, gbogbo RER A tó bá ti Chessy gbéra, Paris ló ń kọrí sí, ẹ wọ èyí tó bá wà nílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ tó kéré jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tèmi ti sùn lọ ká tó dé Val d'Europe.