Bí mo ṣe ṣètò òfin fún gbàgede WhatsApp àdúgbò wa

Nígbà tí ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Ìbàdàn yàn mí láti máa bójú tó gbàgede tí a ń lò lórí WhatsApp, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n kọ òfin tí gbogbo wa yóò máa tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ọlọ́dẹ, gọ́tà àti owó àdúgbò ni a torí rẹ̀ dá gbàgede náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò kàn wá ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé, lọ́jọ́ tí wáyà iná já sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́sáláásí, ìkìlọ̀ ẹni tó rí i ti sọnù sáàárín ìpolówó ọjà kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó kà á.

Mo kọ́kọ́ padà ka ohun tí a ti ń sọ níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan, mo sì kọ ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jọ, nítorí òfin tí kò bá jẹ yọ láti inú ìṣòro ẹni kì í pẹ́ di ohun ìgbàgbé. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àbá náà lọ sí ìpàdé òpin oṣù. Ọ̀rọ̀ ìpolówó kò gba àkókò: ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni a fi sí. Ti ẹ̀sìn ló le. Mo rán ìpàdé létí Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn èrò pa ní Ṣókótó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 lórí ohùn tó fi ránṣẹ́ sínú gbàgede WhatsApp kíláàsì rẹ̀. Àwọn kan ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láàárín wa, níbi tí mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń gbé inú agboolé kan. Mo fèsì pé kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ ni a ṣe ń ṣòfin. A fẹnu kò pé kí ìwàásù má wọ ibẹ̀ mọ́, láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Òfin tí mo dúró lé lórí jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àwòrán ẹni tí a fura sí pé ó jẹ́ olè tàbí gbọ́mọgbọ́mọ síbẹ̀. Ọlọ́pàá àti alága ni kí a pè.

Láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti fún alábòójútó lágbára láti pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ fún gbogbo ènìyàn, èyí tó mú kí a lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò láìyọ ènìyàn. Ìlànà wa ni pé kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí n bá ẹni náà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó tó di ti alága, kí ó tó di pé a yọ ọ́ fún oṣù kan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó rú òfin àwòrán jẹ́ bàbá onílé kan, tó fi àwòrán ọmọ kan tí wọ́n fura sí síbẹ̀; mo sì pa á rẹ́. Mo pè é lórí fóònù, nítorí kò yẹ kí n kọ ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àgbàlagbà.

“Ta ni ọ́ tí o fi ń pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti kọ́lé síbí.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọfà méjì ló wà lórí àwòrán yẹn, ó túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Ẹ̀yin náà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́. Bí ọmọ náà kò bá mọwọ́ mẹsẹ̀ ńkọ́?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Kí ni kí n wá ṣe?”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fúnra wọn sọ fún gbogbo ilé pé kí a má ṣe gba àwòrán náà gbọ́, nítorí àwọn kan ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Wọ́n ṣe é, ọ̀rọ̀ wọn sì wọlé ju èyí tí èmi ìbá sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni a kò tíì yanjú. Èrò tèmi, bí ìdìbò ọdún 2027 ti ń bọ̀, ni pé kí a máa jíròrò iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí a má sì gba fọ́tò olùdíje láàyè. N ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.