Bí mo ṣe wọn ìyára ọta kànnàkànnà pẹ̀lú àpótí amọ̀

Ìṣirò kan ni ọmọ àbúrò mi bá pàdé. Ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa ló ti ń múra ìdánwò WAEC, ọyẹ́ sì mú gan-an nígbà náà. Ọta kan wọ inú igi, ó há síbẹ̀, òun àti igi jọ yọ̀ lórí ilẹ̀ títí wọ́n fi dúró. Báwo ni ọta ṣe yára tó? Ọmọ náà mú gbogbo agbára ọta, ó ní fíríkíṣọ̀n, ìfarakanra tó ń dá nǹkan tó ń yọ̀ dúró, ló jẹ ẹ́ tán, ó sì gbé ìwé fún mi: "Bọ̀dá, ẹ wò ó, mo ti ṣe é tán." Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Àga ni mo ń kàn ní Kugbo, n kò lè wá pákó tì.

Mo kan àpótí kékeré tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo rọ amọ̀ tútù kún un. Mo rándà pákó kan tó ku díẹ̀ kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì rí i dájú pé kò dagun síbì kan. Mo fi kíráǹpù de kànnàkànnà onírọ́bà mọ́ etí tábìlì náà, mo fi àmì sí ibi tí a ó máa fa rọ́bà dé, kí fífà kan má baà le ju èkejì lọ. Bọ́ọ̀lù irin inú bíárìn, gíráàmù 17, ni ọta wa. Àpótí àti amọ̀ jẹ́ 583, nítorí náà tí ọta bá wọlé, gbogbo rẹ̀ di 600. Ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà lẹ́yìn, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níwájú.

Fíríkíṣọ̀n ló gba ọjọ́ wa jù. Mo gbé orí pákó kan sókè díẹ̀díẹ̀ títí àpótí fi já. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 49, ìsàlẹ̀ 109. Tí a bá fi ìsàlẹ̀ pín gíga, 0.45, ìyẹn ni nọ́ńbà fíríkíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni èèyàn ti lè ṣìnà. Nǹkan tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń di pákó mú ju èyí tó ti ń yọ̀ lọ, àpótí tiwa yóò sì ti máa yọ̀ ni. Mo tún un ṣe: bí mo ṣe ń gbé pákó sókè ni mo ń fi ìka ta àpótí, títí ó fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò yára sí i, tí kò sì dúró. 36.5 lórí 114 nìyẹn, 0.32. Eruku ọyẹ́ tún ń bà sórí pákó, ó sì ń jẹ́ kí àpótí yọ̀ jù, nítorí náà mo ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí a tó ta ọta kọ̀ọ̀kan. Amọ̀ náà ń gbẹ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ti fi gíráàmù 20 fúyẹ́, àfi ìgbà tí mo bu omi sí i, tí mo tún un wọ̀n.

Ìgbà márùn-ún la ta á, a sì wọn bí àpótí ṣe yọ̀ jìnnà tó: sẹ̀ǹtímítà 12, 13, 12.5, 11.5 àti 13.5. Tí a bá ro wọ́n pọ̀, tí a fi márùn-ún pín in, ó jẹ́ 12.5. Ìkan wà tó bá ẹ̀gbẹ́ àpótí, tí àpótí yí bírí. A kò ka ìyẹn mọ́ wọn.

Ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Láti ìgbà tí àpótí ti gbéra, fíríkíṣọ̀n nìkan ló ń dá a dúró: 2 × 0.32 × 9.8 × 0.125 jẹ́ 0.784 (9.8 ni ti òòfà ilẹ̀, 0.125 ni sẹ̀ǹtímítà 12.5 ní mítà). Nọ́ńbà tí a ó fi lọ́po ara rẹ̀ kó tó di ìyẹn ni 0.885, nítorí náà ìyára àpótí nígbà tó gbéra jẹ́ mítà 0.885 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò kan bí àpótí ṣe wúwo tó níhìn-ín rárá. Ibi ìkọlù ni ìwúwo ti wọ ọ̀rọ̀. Ìkọlù náà kúrú débi pé fíríkíṣọ̀n kò tíì ráyè mú nǹkan kan lọ, momentum (ìwúwo tí a fi ìyára lọ́po) tí ọta gbé wá náà ni àpótí àti ọta jọ gbé lọ: 600 × 0.885, kí a fi 17 pín in. Ọta wa ń lọ ní mítà 31.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní 0.45 ni mo lò, mítà 37 ni ǹ bá máa pariwo.

Ọ̀nà tí ọmọ náà gbà mú mítà 5.3 péré wá. Ọmọ tó mọ eré sá lè sáré tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọta yìí rì sínú amọ̀ débi pé ìka la fi ń wá a. Ó dákẹ́, ó ní, "Bọ̀dá, agbára yòókù wá dà?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an. A ṣírò rẹ̀: ọta gbé júùlù 8.3 wá, àpótí kò gbéra pẹ̀lú ju 0.235 lọ, kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ti bá amọ̀ lọ: ó ya á, ó tì í sẹ́yìn, ó mú un gbóná díẹ̀, ó sì di ìró "gbì" tí a gbọ́.

Ó ṣì fẹ́ ẹ̀rí sí i. A fi fóònù ya fídíò ọ̀kan tó yọ̀ tó 12.5, àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á, láti ìgbà tí ọta wọlé títí àpótí fi dúró: àwòrán mẹ́jọ, ìkẹsàn-án sì dé ìdajì. Ó lọ́po 0.125 ní méjì, nítorí pé ìyára àpótí ń dín kù déédéé títí ó fi dúró, ìyára ìbẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìyára àárín; ó fi àkókò yẹn pín in, 0.88 ló jáde. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó fa ìlà gbọọrọ sáàárín ojú ìwé, ó kọ "ìkọlù" sókè, "yíyọ̀" sísàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà láti òkè.