Bí a ṣe ń fi bírò dán nọ́ńbà ńlá wò bóyá práìmù ni

Mú ìwé, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ. Nọ́ńbà tí a ń bá wí ni 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tí Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Práìmù ni: yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà odidi tó lè pín in kí nǹkan má ṣẹ́ kù. Má wulẹ̀ gbìyànjú láti kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n a lè mọ gígùn rẹ̀.

Fi 0.30102999566 (ìyẹn log 2 lórí ẹ̀rọ ìṣirò) sọ 136279841 di púpọ̀. 41024319.945 ló máa jáde. Pa ohun tó wà lẹ́yìn àmì tì, kí o fi 1 kún ìyókù: fígọ̀ 41024320 ló ní. Má gé e kúrú sí 0.30103 o! Wàá fi fígọ̀ kan lé e.

Fígọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Wo 2, 4, 8, 16, 32, 64. Ìparí wọn ni 2, 4, 8, 6, wọ́n á tún padà sí 2. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń yí. Pín 136279841 sí mẹ́rin, 1 ló máa ṣẹ́ kù, nítorí náà 2 ló parí. Yọ 1 kúrò: 1 ni.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni pé báwo la ṣe mọ̀ pé práìmù ni. Édouard Lucas, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n yìí, D. H. Lehmer ará Amẹ́ríkà ló tún un ṣe. Jẹ́ ká fi àbúrò rẹ̀ kékeré dán an wò, 2⁷ − 1, ìyẹn 127. (Yíyọ kò ṣàjèjì sí wa: ẹ̀tàdínláàádóje là ń pè é, 3 tí a yọ lára 130.)

Bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, yọ 2, fi 127 pín in, kí o sì mú àṣẹ́kù nìkan. Àṣẹ́kù yẹn ni wàá tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìgbà márùn-ún ni, nítorí 7 yọ 2 jẹ́ 5:

14
194, ó ku 67
4487, ó ku 42
1762, ó ku 111
12319, ó ku 0

Òdo ló gbẹ̀yìn, práìmù ni 127. Gbìyànjú 2¹¹ − 1, ìyẹn 2047, nígbà mẹ́sàn-án: 1736 ló máa kù. Kì í ṣe práìmù, 23 lọ́nà 89 ni. Ọgbọ́n yìí kò ní sọ ẹni tó pín in fún ọ, ó kàn ń sọ pé ẹnìkan pín in ni.

Lọ́dún 1876, Lucas fi ọwọ́ lásán fi hàn pé práìmù ni 2¹²⁷ − 1, tó ní fígọ̀ 39. Fún ti Durant, ìgbà 136279839 ni. Ẹ̀rọ kan ní Dublin ní Ireland ló kọ́kọ́ ta olobó pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ práìmù, òmíràn ní San Antonio ní Texas ló sì ṣe é títí tó fi kan òdo.