Kóòdù Tó Ju Iṣẹ́ Ẹnì Kan Lọ: Bí A Ṣe Ń Fi CI Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ká ní ọ̀dọ́ mẹ́ta ní Mayfair, n'Ílé-Ifẹ̀, ń kọ áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Sábó. Bí kálukú bá dá tirẹ̀ kọ fún oṣù kan gbáko kí wọ́n tó pa á pọ̀, kóòdù á máa bá kóòdù jà. Ohun tí continuous integration, ìyẹn CI, ń sọ ni pé kí wọ́n máa pa á pọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ̀rọ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, kó kóòdù yín sórí GitHub, ìkànnì tẹ́ ẹ ti máa pa á pọ̀.

Ó wá kan àyẹ̀wò, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ibi tówó bá ń gbà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dá ₦5,000 lóṣù gbọ́dọ̀ ní ₦60,000 lẹ́yìn oṣù 12. Ká ní apapo ni orúkọ ìlà kóòdù Python tó ń ṣe ìṣirò yìí, inú fáìlì owo.py ló sì wà. Ẹ kọ àyẹ̀wò rẹ̀ sínú fáìlì test_owo.py:

```
from owo import apapo

def test_odun_kan():
    assert apapo(5000, 12) == 60000
```

Bí ẹnì kan bá lọ kọ range(1, 12) láti fi ka oṣù nínú apapo, oṣù 11 péré ni Python máa kà, torí kì í ka nọ́ńbà tó kẹ́yìn mọ́ ọn. ₦55,000 ló máa jáde, àyẹ̀wò á sì ti ké gbàjarè kọ́rọ̀ tó détí akápò.

Ẹ wá ṣí fáìlì .github/workflows/ayewo.yml, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ ohun tí GitHub máa ṣe. Ẹ má fi Tab síbẹ̀ o, YAML, ìyẹn ìlànà tá a fi ń kọ fáìlì yìí, kì í gbà á; spacebar ni kẹ́ ẹ lò:

```
on: [push, pull_request]
jobs:
  ayewo:
    runs-on: ubuntu-latest
    steps:
      - uses: actions/checkout@v4
      - uses: actions/setup-python@v5
        with:
          python-version: "3.12"
      - run: pip install pytest
      - run: python -m pytest
```

Tẹ́ ẹ bá ti push, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi kóòdù ránṣẹ́ sí GitHub, ẹ̀rọ GitHub ló ń ṣe ìyókù. Bí wọ́n bá múná lọ ní Mayfair, àyẹ̀wò ń lọ ní tiẹ̀. Dátà yín kọ́ ló sì ń gbé pytest, irinṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni bí kóòdù bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bó bá jẹ́ ti kọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 2,000 lóṣù ni àkáǹtì ọ̀fẹ́ ní.

Bí àmì pupa bá yọ, ìyẹn ni pé àyẹ̀wò kò yege, ẹni tó fà á ló máa tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan míì lé e. Lórí kóòdù tó ṣí sílẹ̀, ẹ lè lọ sí Settings kẹ́ ẹ fi dandan lé e pé ohun tí kò yege kò gbọ́dọ̀ wọ main, ìyẹn ẹ̀ka kóòdù tí gbogbo yín jọ ń lò. Kóòdù kọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́ kò ní àǹfààní yẹn, àdéhùn àárín ara yín ló kù.

Bí àyẹ̀wò bá ti ń gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ẹ pín in, kí èyí tó yára máa ṣáájú.